Ilé Ẹmu àti Etí Olùgbọ́

Ohun mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń díwọ̀n ilé ọtí: ọtí tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ìpanu tí ó ń bá a rìn, àti irú ènìyàn tí ó ń jókòó síbẹ̀. Ìwọ̀n kẹrin wà tí wọn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó ń sọ bí ilé ọtí kan yóò ti pẹ́ tó lọ́kàn ẹni. Orin tí ó ń dún níbẹ̀ ni, àti bóyá ẹni tí ó jókòó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kí ó sì tún gbọ́ ti ẹni tí ó jókòó tì í. Ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì lásán. Nídìí ẹmu ni orin jùjú ti kọ́ ìrìn, nínú ilé bíà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí kò jókòó sí kíláàsì pẹ́ ti gbọ́ oríkì, òwe àti ìtàn láti ẹnu olórin.

Ní Ìbàdàn, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan wà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́. Olùkọ́ èdè Yorùbá tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀kan. Èkejì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa bọ́ọ̀sì. Ẹ̀kẹta ń tún rédíò àti gírámafóònù ṣe títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọn a máa lọ sí ilé ọtí tí wọn kò dé rí, tàbí èyí tí wọ́n ti dé tipẹ́ tí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́. Òfin wọn kò pọ̀: olúkúlùkù yóò dárúkọ orin àtijọ́ kan, yóò sì sọ ìdí tí ó fi yàn án. Ẹni tí kò bá rí ìdí kan sọ ni yóò san owó ọtí. Tíṣà ni wọ́n ń pe olùkọ́ náà, Dẹ̀rẹ́bà ni wọ́n ń pe awakọ̀. Àwọn méjèèjì sì ń pe alátùn-únṣe rédíò ní Ẹ̀gbọ́n, nítorí ó fi ọdún mẹ́rin jù wọ́n lọ.

Ẹ̀gbọ́n ni adájọ́ ẹmu. Ẹmu tí adẹ́mu sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ ní òwúrọ̀ máa ń dùn bí omi ìrèké, nítorí pé adùn inú rẹ̀ kò tí ì di ọtí. Ṣùgbọ́n inú agbè ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Kí oòrùn tó kanrí, ó ti ń le; kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lè mú àgbàlagbà ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́; bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi máa mọ́, kíkan ló kù. Nítorí náà ni ilé ẹmu kò ṣe lè jìnnà sí oko, tí ẹlẹ́mu tí ó bá sì ń ta ẹmu dídùn ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ fi ní ẹjọ́ láti rò. Ẹ̀gbọ́n a fi ahọ́n tọ́ ọ wò, a gbé igbá sílẹ̀, a ní, “Ìyá wa, ta ló ṣe ìrìbọmi fún ẹmu yìí?” Ìyá ẹlẹ́mu a bú sẹ́rìn-ín, a sì lọ gbé òmíràn wá láti ẹ̀yìn ilé. Ó yẹ kí àwọn tí ó ń ka ìwé Amos Tutuola, èyí tí ó jáde ní 1952, tàbí tí wọ́n ti gbọ́ nípa eré Ọ̀mùtí tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé jáde láti inú rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1963, mọ èyí kí wọ́n tó máa bi ara wọn léèrè ìdí tí ọkùnrin kan fi wá adẹ́mu rẹ̀ tí ó kú dé ìlú àwọn òkú. Adẹ́mu tí ó mọ iṣẹ́ kò ṣe é fi rọ́pò.

Bíà kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Ìgànmú, l'Ékòó. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn tirẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1962, Trophy sì jáde láti Iléṣà ní 1978. Ọtí tí a dé ní ìdérí lè rìn jìnnà, ó sì lè pẹ́ nílẹ̀. Ó mú ilé ọtí kúrò ní ẹ̀bá oko wá sí ojú títì níbi tí iná mànàmáná wà. Iná tí ó ń mú bíà tutù náà ni ó sì ń yí àwo orin. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti jọ ń gbé.

Kí iná tó dé, gìtá ni. Àwọn atukọ̀ Kúrù láti ilẹ̀ Làìbéríà ni wọ́n gbé ọ̀nà ìtagìtá oníka méjì kiri etí òkun, láti èbúté kan dé òmíràn, àwọn ọ̀dọ́ Èkó sì kọ́ ọ nídìí ẹmu. Ní Olówógbowó, àdúgbò àwọn Sàró, Túndé King tí a bí ní 1910 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa pàdé ní ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì kan. Wọn a mu, wọn a sì kọrin. Ní 1936 ni orúkọ jùjú hàn lára àwo tí ilé iṣẹ́ Parlophone ṣe fún un. Àwọn kan ní láti ara “jù” ni orúkọ náà ti wá, nítorí pé ẹni tí ó ń lu tanboríìnì a máa jù ú sókè, a sì tún hán an. Ojú àwo ìgbà náà kò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Olórin ní láti kí ẹni tí yóò kí, kí ó pa òwe rẹ̀, kí ó sì jáde. Tíṣà gbà pé kò sí ẹ̀kọ́ tí ó dára ju èyí lọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kí ó kó àyọkà gígùn jọ sí gbólóhùn mélòó kan nínú ìdánwò. Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè fi iná sí gìtá jùjú; láti ìgbà náà ni ariwo ti ń gòkè.

Orin tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń yàn kì í sábà yí padà. Dẹ̀rẹ́bà fẹ́ràn orin àwọn onífèrè. Roy Chicago ni ó kọ́kọ́ máa ń dárúkọ, nítorí ó fi ìlù gángan sínú háíláìfù, ó sì fi Yorùbá tí ó já gaara kọ ọ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan ó yan “Taxi Driver” tí Bobby Benson kọ. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí, ó ní, “Orin iṣẹ́ mi ni.” Wọn kò gbà á; òun ni ó sanwó. Ẹjọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ tọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ni kò ní ìdí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n fi fẹ́ràn orin tí wọ́n fẹ́ràn. Ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 ló gba háíláìfù lọ́wọ́ Dẹ̀rẹ́bà: ọ̀pọ̀ onífèrè ọmọ Ìgbò fi Èkó sílẹ̀, jùjú sì bọ́ sórí àga.

I. K. Dáíró ni ti Ẹ̀gbọ́n. Ó ṣì rántí bí àwọn ènìyàn ti ń gbé gírámafóònù wá fún un nítorí pé ohùn àkọ́díọ̀nù Dáíró ń gbọ̀n, tí ó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ló ti gbó. Lẹ́yìn náà ni àwo ńlá dé, tí ojú kan rẹ̀ ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ebenezer Obey lo àyè yìí dáadáa ní 1973 nígbà tí ó fi orin pa ìtàn bàbá kan, ọmọ rẹ̀ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn, tí aráyé kò yé bá wí. Ẹ̀gbọ́n ní ilé bíà tí òun jókòó sí nígbà náà dákẹ́ rọ́rọ́, bí ẹni pé àlọ́ ni ìyá àgbà ń pa fún wọn. Bí ìtàn náà bá dé ibi tí ó ti yí padà, àwọn tí ó ti gbọ́ ọ nígbà mẹ́wàá a tún mi orí.

Haruna Ishola ni Tíṣà kì í yẹsẹ̀ lórí rẹ̀. Àwo tí ó kọ́kọ́ ṣe ní 1948 nípa Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó kò tà; ẹ̀yìn ìgbà tí ọba náà wàjà, tí ó tún un ṣe ní 1955, ni orúkọ rẹ̀ kàn. Ní 1969 òun àti Dáíró jọ dá ilé iṣẹ́ àwo kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní STAR. Dẹ̀rẹ́bà ní bóyá orí tábìlì ni wọ́n ti rí orúkọ náà. “Oroki Social Club” ti 1971 ni ó gbajúmọ̀ jù, àwo tí ó fi yin ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo. Kò sí gìtá nínú àpàlà rẹ̀. Àgídìgbo, ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ló ń gbé ohùn rẹ̀, wọn kì í sì í bò ó mọ́lẹ̀. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Tíṣà bi akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń múra ìdánwò léèrè ohun tí Òròkí jẹ́. Ọmọ náà mọ orin yìí, ó tilẹ̀ jó o lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rò pé orúkọ ọtí ni. Kò mọ̀ pé Òṣogbo ni wọ́n ń fi Òròkí kì.

Ilé ọtí kì í ṣe ilé ìwé, ó sì ní ibi tí ó ti burú. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún 1980, ní Abẹ́òkúta, wọ́n fi ife bíà gbá Àyìnlá Ọmọwúrà lórí nínú ìjà ilé ọtí, ibẹ̀ ni ọ̀gá olórin àpàlà náà gbà kú. Fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe nípa rẹ̀ ní 2021 mú kí àwọn ọ̀dọ́ tún máa béèrè orin rẹ̀. Dẹ̀rẹ́bà fẹ́ràn orin náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e sí i, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣíbí lu ife gbè é. Ó ní orin ọkùnrin tí ife pa kọ́ ni èèyàn ń fi ife lù.

Àwọn ilé ọtí tí wọ́n dé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí kò dọ́gba. Ọ̀kan wà ní Òkè-Àdó tí bíà rẹ̀ tutù bí omi yìnyín, tí àsun rẹ̀ sì ta lẹ́nu dáadáa. Gbohùngbohùn mẹ́rin ni wọ́n gbé dúró sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, ọkọ̀ọ̀kan ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ọwọ́ ni àwọn oníbàárà fi ń pe ọtí. Tíṣà àti Dẹ̀rẹ́bà ṣì lè wo ojú ara wọn, kí wọ́n fi orí dá ara wọn lóhùn. Ẹ̀gbọ́n kò rí ojú, kò gbọ́ ohùn. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ó na ọwọ́ kọjá orí tábìlì, ó fọwọ́ kan apá Tíṣà, ó tẹ ẹnu mọ́ ọn létí, ó ní, “Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?” Wọn kò mu ìgò wọn tán. Dẹ̀rẹ́bà bẹ onílé ọtí kí ó bá wọn dín ariwo kù. Onítọ̀hún sì fèsì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé bí òun bá dín in kù, àwọn tí ń kọjá lójú títì yóò rò pé òun kò ṣí. Òótọ́ inú rẹ̀ ni ó sọ. Ariwo ti di pátákó ìpolówó, orin inú rẹ̀ kò sì ní iṣẹ́ mìíràn mọ́.

Ilé ẹmu kan wà lójú ọ̀nà Mọ́níyà tí kò ní ju bẹ́ǹṣì mẹ́rin àti ìbòrí páànù kan. Kò sí ẹ̀rọ amúnáwá. Ọmọ ẹlẹ́mu gbé ẹ̀rọ alágbèéká sínú akèrègbè tí wọ́n gé lórí, ohùn inú rẹ̀ sì ń jáde wọ́ọ́rọ́, kò lè dé ojú títì. Ẹmu ọjọ́ náà ti ń kan díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá bi Tíṣà ní orin tirẹ̀. Tíṣà dárúkọ Òròkí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ọmọ náà wá a rí, ó sì gbé e sí i. Tíṣà wá ń tọ́ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣe láti sọ ìdí, ṣùgbọ́n àgídìgbo ti wọlé, Ẹ̀gbọ́n sì na ọwọ́ sókè kí ó dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ títí orin náà fi parí. Nígbà tí Ìyá ẹlẹ́mu wá gba owó, Tíṣà kò tí ì sọ ìdí kankan, nítorí náà òun ni ó san án.