GÌTÁ MẸ́TA

Bí ènìyàn bá ní gìtá mẹ́ta, àwọn tí ń wò ó a máa pè é ní ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì péré ni Ọlọ́run dá mọ́ ọn, gìtá kan ṣoṣo ni ọwọ́ méjèèjì sì lè ta lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ẹ̀kọ́ wa ń parí lọ, tí àkókò àtisan owó ìdánwò WAEC àbúrò wa obìnrin sì dé, ó di dandan kí a mọ èyí tí í ṣe tiwa nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èkíní jẹ́ ti olóògbé ẹ̀gbọ́n ìyá wa, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Ìta Fájì. Irú èyí tí Antonio de Torres, ará Sípéènì tí ó kú ní 1892, fi ìdí ìrísí rẹ̀ múlẹ̀ ni: pákó ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́, ọrùn rẹ̀ gbòòrò, okùn náílọ́ọ̀nù ni ó sì ń lò. Èkejì ni a fi owó tí a rí nídìí kíkọ́ àwọn ọmọdé ní ilé fún ọdún méjì rà ní Balógun. Gìtá ńlá olókùn irin ni. Ilé iṣẹ́ Martin ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 1916, wọ́n sì fi orúkọ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Dreadnought, pè é nítorí títóbi rẹ̀. Bí a bá ta á ní Ìdúmọ̀tà, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé wọn yóò gbọ́ ọ ní Ẹnu Ọ̀wá. Ẹ̀kẹta kéré; irin ni okùn tirẹ̀ náà, àlòkù ni a sì rà á. Kò sí ẹni tí ó kí wa kú oríire ní ọjọ́ tí a gbé e wọlé.

Kí a tó ṣe ìdájọ́, a wo ọ̀nà tí àwọn àgbà Èkó gbà, nítorí gìtá kì í ṣe àjèjì ní erékùṣù wa. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ta á kiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ọmọ Èkó sì kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Túndé King ti Olówógbowó, tí a bí ní 1910, tí ó sì gbé orin jùjú sínú àwo Parlophone ní 1936, gìtá oníbáńjò ni ó ń ta. Awọ ni ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ mú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò sì lè bò ó mọ́lẹ̀. Àyìndé Bákàrè fi yùkùlélé oníbáńjò bẹ̀rẹ̀. Ní 1949 ó so gìtá mọ́ ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè. Kálukú wọn wo iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ kí ó tó yan irinṣẹ́. Ohun tí ó yẹni ní í yẹni. Okùn ọrùn kò yẹ adìẹ.

Iṣẹ́ tiwa ni kí a kọ́ ọmọdé. Nítorí náà ohun mẹ́ta ni a fi dán gìtá wa wò.

Àkọ́kọ́ ni ọwọ́. Ọrùn gìtá ẹ̀gbọ́n ìyá wa fẹ̀ tó mìlímítà 52 ní ìdí orí rẹ̀. Ti kékeré kò ju nǹkan bíi 43 lọ. Ìka wa kúrú. Bí a bá di ti àkọ́kọ́ mú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọrùn ọwọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í ro wá.

Èkejì ni ara gìtá fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ gbà wá níyànjú pé kí a fi okùn irin sí ti ẹ̀gbọ́n ìyá wa kí ohùn rẹ̀ lè ga. A kọ̀. Okùn irin mẹ́fà a máa fa gìtá pẹ̀lú agbára ìwọ̀n bíi kílò 70, ti náílọ́ọ̀nù kò sì ju nǹkan bíi 40 lọ. Gìtá tí a kò kàn fún irin yóò tẹ̀. Ní erékùṣù tí ọ̀sà yí ká, tí ọ̀rinrin rẹ̀ ń dẹ àtè igi, yóò tẹ̀ kíákíá.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀, òun ni ó sì le jù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé dò, re, mí ni èdè wa. Bí ohùn bá yí, ìtumọ̀ yí. Nítorí èyí ni Ọ̀gbẹ́ni T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó di atẹdùrù Kàtídírà ní Màrínà ní 1914, fi ṣe làálàá kí orin ìsìn lè máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń ṣe ìdánrawò ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a kọ́ ogójì ọmọ ní orin kan nípa ọkọ̀ tí ń gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀bùtẹ́ Èrò. Nígbà tí a ta gìtá ńlá, ohùn rẹ̀ dún lọ sókè, kò sì tètè dákẹ́. Àwọn tí ó jókòó sẹ́yìn kò gbọ́ ẹnu wa mọ́. Gìtá ni wọ́n ń tẹ̀lé. Ọkọ̀ di ọkọ́ ní ẹnu wọn, ìlà ẹ̀yìn sì gbé irinṣẹ́ àgbẹ̀ lé orí omi! Ní ọjọ́ kejì a mú kékeré lọ. Ó sọ tirẹ̀, ó dákẹ́, ọ̀rọ̀ sì rí àyè kọjá. Ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní Ẹ̀bùtẹ́ Èrò láìséwu.

A ta gìtá ńlá, owó ìdánwò àbúrò wa sì pé. Ìyẹn kò dùn wá púpọ̀. Ti ẹ̀gbọ́n ìyá wa ni ó wúwo lọ́kàn wa, nítorí òun ni a kọ́kọ́ fẹ́ràn, oorun tábà Bàbá kò sì tíì kúrò nínú ihò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tí a fẹ́ràn, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó bá wa mu. A gbé e lọ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ìka rẹ̀ gùn bí ti baba rẹ̀. Ìyá wa bá wa lọ. Ó ní kí ó ta á díẹ̀ kí òun gbọ́. Nígbà tí ó ta á tán, ìyá wa fi etí ìró nu ojú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, láìpẹ́ a ó tú ká lọ sí ẹnu iṣẹ́. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra gìtá má ṣe bi oníṣòwò léèrè èyí tí ó dára jù. Kí ó bi ìka rẹ̀ léèrè, kí ó sì fetí sí ọmọ tí ó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn.