Ẹni Tó Mọ Ọ̀nà Ní Í Tètè Dé: Ṣẹ́ẹ̀sì Oníṣẹ́jú Mẹ́ta ní Alímọ̀ṣọ́

Ẹni tí ó bá wọ danfó ní Ìyánà-Ìpájà ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì ń lọ sí Ìkòtún, yóò gba Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìdímù kọjá kí ó tó débẹ̀. Ọ̀nà náà kò jìn púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba sùúrù. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti Ẹ̀gbẹ́dá, kí ó má sì tán títí di oríta Ìkòtún. Oníbúrẹ́dì ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, ẹlẹ́pà ń na ọwọ́ wọ ojú fèrèsé, kọ́ńdọ́ àti èrò ń fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì. Láàárín gbogbo ariwo yìí, ẹ lè rí ọ̀dọ́ kan tí ó tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀ bí ẹni pé òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Kì í ṣe fíìmù ló ń wò. Pátákó onígun mẹ́rin ló wà lójú fóònù náà, ó ní ojú ilé 64, aago méjì sì ń kà sẹ́yìn lára rẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ ń ta lè wà ní Íńdíà tàbí ní Bràsíìlì. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní ibùdókọ̀ kan dé èkejì, ọ̀kan nínú wọn yóò ti há ọba ẹnì kejì mọ́.

Ṣẹ́ẹ̀sì ni eré náà, irú èyí tí à ń fi ìkánjú ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó bá Alímọ̀ṣọ́ mu. Ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ yìí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní tirẹ̀ sọ pé wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì. Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀yà tí kò wá kọ́lé tàbí gba yàrá síbẹ̀. Níbi tí èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àkókò ni ohun tó wọ́n jù. Ìdí nìyẹn tí eré oníṣẹ́jú mẹ́ta fi rọrùn láti fẹ́ràn: a lè ta á nígbà tí à ń dúró de ọkọ̀, nígbà tí oúnjẹ wà lórí iná, tàbí kí oorun tó kunni. Ohun tó yẹ kí á bi ara wa ni pé, kí ló dé tí ẹlòmíràn fi lè ta ẹgbẹ̀rún eré láàárín ọdún kan, tí kò sì mọ̀ ọ́n ta ju bó ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí eré náà ṣe rí. FIDE, àjọ tí ń ṣàkóso ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé, ń pe eré tí olúkúlùkù ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ ní blitz. Nínú ìdíje blitz àgbáyé, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà, wọ́n sì ń fi ìṣẹ́jú àáyá méjì kún un nígbàkígbà tí ó bá sún ọmọ kan. Èyí tó tún yára jù ú lọ ni bullet, tí ọ̀pọ̀ ń fi ìṣẹ́jú kan péré ta. Lórí fóònù, ibi méjì tí a mọ̀ jù tí wọ́n ti ń ta á ni Chess.com, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, àti Lichess, tí Thibault Duplessis, ọmọ ilẹ̀ Faransé, dá sílẹ̀ ní 2010, tí kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ká ní eré kan gba ìgbésẹ̀ 40 lọ́wọ́ yín. Ìṣẹ́jú mẹ́ta jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 180. Àfikún méjì-méjì lọ́nà 40 jẹ́ 80. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 260. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà ààbọ̀ ló kan ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú bullet oníṣẹ́jú kan tí kò ní àfikún, ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ ni. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè ro ohun tuntun jinlẹ̀ láàárín àkókò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni ó lè rántí. Nítorí náà, eré kíákíá kì í kọ́ni ní ohun púpọ̀. Ohun tí a ti kọ́ níbòmíràn ni ó máa ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni.

Ẹ wo awakọ̀ danfó tí ó ti ń ná ọ̀nà Ìkòtún sí Ìgàndó fún ọdún pípẹ́. Bí ó bá rí i tí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ mẹ́ta tàn lẹ́ẹ̀kan náà níwájú, kò ní dúró ronú. Ó ti yà sí àdúgbò kan, ó ti gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan yọ, ó sì ti bọ́ sí títì padà. Èrò inú ọkọ̀ á ní awakọ̀ náà yára. Ìmọ̀ ni, kì í ṣe eré sísá. Awakọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú mìíràn lè tẹ tòṣì mọ́lẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, ibi tí ọ̀nà ti di ni yóò kàn tètè dé.

Àwọn onímọ̀ ti rí ohun kan náà nínú ṣẹ́ẹ̀sì. Adriaan de Groot, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tí òun fúnra rẹ̀ mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta dáadáa, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1946. Ó bi àwọn ọ̀gá àti àwọn tí kò tó wọn léèrè ohun tí wọ́n ń rò bí wọ́n ti ń ta. Kò rí i pé àwọn ọ̀gá ń ro ìgbésẹ̀ tó pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ lọ́nà tó hàn gbangba. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ìgbésẹ̀ tó dára ni ojú wọn kọ́kọ́ máa ń bọ́ sí. Ní 1973, William Chase àti Herbert Simon ní Amẹ́ríkà fi pátákó tí eré wà lórí rẹ̀ han àwọn òṣèré fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, wọ́n sì ní kí wọ́n tún un tò láti orí. Ọ̀gá ṣe é dáadáa ju òpè lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n da àwọn ọmọ náà sí orí pátákó láìlétò, bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀ fún adìẹ, ọ̀gá àti òpè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kì í ṣe pé orí ọ̀gá dá yàtọ̀. Àwòrán tó nítumọ̀ ló ti kó jọ sí orí náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún ọdún púpọ̀.

Àwa Yorùbá kò ṣàjèjì sí èyí. Ọpọ́n ayò ní ilé 12 àti ọmọ 48. Ẹni tí ó jókòó ti àwọn àgbà nídìí ọpọ́n rí mọ̀ pé ọ̀ta ayò kì í pẹ́ kí ó tó ta. Ó bù ú, ó ta á, ó jẹ ẹ́, ó tún fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́ kí òpè tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló di ọ̀ta ní ọjọ́ kan? Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jókòó ṣe òǹwòran, tí ó ń ka ọmọ lọ́kàn, kí ọwọ́ rẹ̀ tó yá.

Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkòtún, ẹ ó rí i pé ewu kan wà nínú eré yìí tí ó jọ ti ilé mìíràn nítòsí. Sọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kò wọ́n káàkiri àdúgbò ọjà. Ẹni tó pàdánù níbẹ̀ máa ń fẹ́ fi tíkẹ́ẹ̀tì kan sí i gba owó rẹ̀ padà. Bákan náà ni ẹni tí wọ́n nà nínú blitz: ìka rẹ̀ ti tẹ eré mìíràn kí inú rẹ̀ tó rọ̀. Ìbínú ló ń ta eré kejì, ìtìjú ló ń ta ẹ̀kẹta. Bí ẹ̀yin àti ẹnì kejì bá lo gbogbo 260 yẹn tán, eré kan ń súnmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ogún irú rẹ̀ ní alẹ́ kan ń lọ sí wákàtí mẹ́ta. Wákàtí mẹ́ta lójoojúmọ́ tó láti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, tó láti múra ìdánwò, ó sì tó láti jókòó ti ìyàwó tàbí ọkọ ẹni kí á sọ̀rọ̀. Òfin kan tó dára ni pé, bí wọ́n bá nà yín lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ẹ pa fóònù dé títí di ọjọ́ kejì. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Láti Ìkòtún, ọ̀nà já sí Ìgàndó, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́ wà, tí òpópónà tó lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́ sì gbà kọjá. Níbẹ̀, àti ní gbogbo agbègbè náà, ọ̀tá mìíràn tún wà tí kì í jókòó sí ìdí pátákó: nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, aago yín kò ní dúró. Bí ó bá já fún 20 ìṣẹ́jú àáyá, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ìṣẹ́jú mẹ́ta yín ti lọ. Nítorí náà, ẹ yan eré tí ó ní àfikún méjì-méjì ju èyí tí kò ní lọ, kí ẹ sì fi bullet sílẹ̀ fún ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dúró ṣinṣin. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ eré nígbà tí bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí ẹ ò sì mọ ìgbà tí wọ́n máa mú iná dé.

Báwo wá ni a ṣe ń kó àwòrán jọ sí orí? Ọ̀nà rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò yá. Ẹ máa yanjú àlọ́ ṣẹ́ẹ̀sì márùn-ún sí mẹ́wàá lójoojúmọ́ láìwo aago: ẹṣin tí ó halẹ̀ mọ́ ọba àti ayaba lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí ọba tí àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ gan-an sé mọ́, tí ilé-ìṣọ́ ọ̀tá sì gba ẹ̀yìn wọlé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí irú wọn lọ́pọ̀ ìgbà, ojú yín yóò máa dá wọn mọ̀ kí ọkàn tó sọ̀rọ̀. Ẹ yan ìbẹ̀rẹ̀ eré kan péré fún funfun àti méjì fún dúdú, kí ẹ sì dúró tì wọ́n. Ẹ kọ́ bí ọba àti ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣe ń borí ọba tó dá wà, nítorí ibẹ̀ ni eré púpọ̀ ń parí sí nígbà tí aago bá ń lé yín. Lọ́sẹ̀, ẹ ta eré oníṣẹ́jú 15 méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì wo èyí tí ẹ pàdánù padà: níbo ni ó ti bàjẹ́? Kí ẹ tó sún ọmọ èyíkéyìí, ẹ bi ara yín pé, ta ni ó lè fi ọba sínú ewu, kí ni a lè jẹ, kí ni ẹnì kejì sì ń lépa? Ẹni tí ó bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú sùúrù fún oṣù mẹ́fà yóò máa bi í nínú blitz láìmọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó di ìgbà tí a bá ń gbé ní ìlú òyìnbó kí á tó mọ eré yìí. Túndé Ọnàkọ̀yà dàgbà ní Ìkòròdú, ìhà kejì Èkó. Ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ni ó ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì ní ọmọdé. Ní 2018, ó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ. Iṣẹ́ náà dé Mákòkó, ó sì dé abẹ́ afárá Òṣòdì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Alímọ̀ṣọ́ ń já èrò sí lójoojúmọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, òun àti Shawn Martinez, ọmọ Amẹ́ríkà, jókòó sí Times Square ní New York, wọ́n sì ta ṣẹ́ẹ̀sì fún 60 wákàtí, láti wá owó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Ẹni tí ó lè jókòó bẹ́ẹ̀ kò fi ìkánjú bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó, kò sí ẹni tó ní kí ẹ má ta eré oníṣẹ́jú mẹ́ta. Adùn wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ibi tí ẹ ti ń ná ohun tí ẹ ti kó jọ, kì í ṣe ibi tí ẹ ti ń wá a. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ òní pẹ̀lú àlọ́ márùn-ún àti eré kan ṣoṣo, kí ẹ sì sùn. Ẹ̀sọ̀-ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, igi náà a sì gùn tán.