Ọ̀nà Kan, Àkókò Méjì

Láti Heathrow ní London dé pápákọ̀ òfuurufú JFK ní New York, nǹkan bíi 5,540 kìlómítà ni. Ẹni tó bá wọ bàálù ní London á lo bíi wákàtí mẹ́jọ kó tó dé. Tó bá ń padà bọ̀, wákàtí méje ni, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó pín sí Peckham àti Brooklyn ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í sábà béèrè ibi tí wákàtí kan yẹn gbà lọ.

Àwọn kan ní ayé tó ń yí ló fà á. Àlàyé yẹn kò múná dóko, torí afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká ń bá a yí, inú afẹ́fẹ́ ọ̀hún sì ni bàálù wà. Atẹ́gùn lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní bíi kìlómítà mẹ́wàá sókè, atẹ́gùn líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn bí odò tó kún. Bàálù tó bá kọrí sí London, á tì í lẹ́yìn. Èyí tó kọrí sí New York, á máa dojú kọ ọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, nígbà tí ìjì Ciara ń jà, bàálù British Airways kan gbéra ní JFK, ó dé Heathrow láàárín wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.

Gígùn ọ̀nà náà gan-an kì í dúró sójú kan. Àwọn tó ń darí bàálù lórí Òkun Àtìláńtíìkì, ní Gander ní Kánádà àti ní Prestwick ní Scotland, a máa fa ọ̀nà tó bá atẹ́gùn ọjọ́ náà mu. Awakọ̀ lè yí po, kó sì tètè dé. Ó yẹ ká yà sọ́dọ̀ ẹni tó wọn atẹ́gùn yìí.

Wasaburo Ooishi ni, ọ̀gá ibùdó ìwádìí ojú ọjọ́ ní Tateno, ní Japan. Láàárín ọdún 1923 sí 1925, ó tú bàlúùnù sókè láìmọye ìgbà. Á gbé ojú lé awò irú èyí tí àwọn awọnlẹ̀ ń lò, á máa kọ ibi tí bàlúùnù ń yà sí sílẹ̀ títí tí kò fi ní rí i mọ́. Ó rí i pé nígbà òtútù, atẹ́gùn òkè a máa sáré ju 200 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Ní 1926, ó tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde lédè Esperanto, èdè tí Ludwik Zamenhof gbé kalẹ̀ ní 1887 kí tòun tàjèjì lè máa gbọ́ ara wọn yé. Ó fẹ́ kí àwọn onímọ̀ òkèèrè kà á.

Ìwọ̀nba èèyàn ló kà á.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1944, àwọn bàálù ajubọ́ǹbù B-29 ti Amẹ́ríkà dé òkè Tokyo, atẹ́gùn sì gbá wọn rékọjá ibi tí wọ́n fojú sùn. Lóṣù kan náà ni ológun Japan bẹ̀rẹ̀ sí í tú bàlúùnù tó gbé bọ́ǹbù, kí atẹ́gùn yìí lè gbé e sọdá Òkun Pàsífíìkì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1945, ọ̀kan nínú wọn pa èèyàn mẹ́fà ní Oregon. Ọmọdé ni márùn-ún.

Ṣé èdè ló sin ìwádìí Ooishi? Ó jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bóyá kì í ṣe èdè nìkan. Ní 1926, bàálù tó ń kó èrò ní irú òkè bẹ́ẹ̀ kò sí. Ta ni ì bá lo ìmọ̀ náà? Ohun tó dájú ni pé àwọn ológun orílẹ̀-èdè rẹ̀ ti rí nǹkan fi atẹ́gùn náà ṣe, nígbà tí àwọn ará òkèèrè tó tìtorí wọn kọ̀wé kò tíì kà á.