Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ Lórí Kẹ̀kẹ́ Gígùn ní Jápáànì

London.

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn. Ṣé ìwọ tí ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ́ kó gun kẹ̀kẹ́ kọjá ẹnu géètì ló ń múra àtigun ún ní Jápáànì yìí? Ó dáa bẹ́ẹ̀. O ní kí n wo ètò tí o ṣe, kí n sì sọ tinú mi. Mo ti wò ó, mi ò sì ní fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: ètò yẹn kò tíì dára.

O fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Tokyo, kí o gba Yokohama àti Nagoya kọjá sí Kyoto, títí dé Osaka, kí o wá fi ọjọ́ díẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù wo ìgbèríko. Dorí rẹ̀ kodò. Láti ìlú ńlá kan sí èkejì, ọkọ̀ ojú irin ni kí o wọ̀. Ìgbèríko àti erékùṣù ni kí o kó ọjọ́ rẹ àti agbára ẹsẹ̀ rẹ fún.

Mo mọ ohun tó fà ọ́ lọ sí ọ̀nà yẹn. Láyé ọjọ́un, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rin ọ̀nà Tokaido láti Edo, tí a ń pè ní Tokyo lónìí, dé Kyoto, ibùdó ìsinmi 53 ló sì wà lójú ọ̀nà náà. Ayàwòrán Hiroshige ya àwòrán wọn, òkè, òjò, afárá onígi, àwọn arìnrìn-àjò tó dé akẹtẹ̀. Àwòrán yẹn ló ń tan gbogbo wa jẹ. Lóde òní, ọkọ̀ akẹ́rù ló kún títì ńlá tó gba ibẹ̀ kọjá, ilé ìtajà kan kì í tán kí ilé iṣẹ́ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀, iná pupa á sì máa dá ọ dúró ní gbogbo ìkóríta. Bí kò tilẹ̀ sí ọkọ̀ kankan tó ń bọ̀, àwọn ará ibẹ̀ á dúró dìgbà tí iná bá yí padà, ìwọ náà á sì dúró. Ṣé tìtorí èyí lo ṣe fẹ́ náwó tó tó yẹn?

Kì í ṣe pé kí o má fojú kan ìlú ńlá o. Kyoto tẹ́jú, òkè yí i ká lápá mẹ́ta, odò Kamo sì gba inú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ọ̀nà tóóró létí omi tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Jáde ní kùtùkùtù kí èrò tó pọ̀. Wàá rí àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí wọ́n dúró sínú omi bí ẹni tí wọ́n gbẹ́. Wàá rí àwọn ìyá ọlọ́mọ tó gbé ọmọ kan síwájú kẹ̀kẹ́, tí wọ́n gbé èkejì sẹ́yìn, tí wọ́n tún kó ọjà sínú apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á sì ré ọ kọjá láìmí hẹlẹ. Ibẹ̀ lo ó ti mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ kì í ṣe eré ìdárayá lójú wọn, òun ni wọ́n fi ń lọ sọ́jà. Ohun kan ṣá: má fi kẹ̀kẹ́ rẹ sílẹ̀ síbi tó bá wù ọ́. Wọn á kó o lọ, wàá sì sanwó kí o tó rí i gbà. Wá ibi tí wọ́n ti ń gba owó ìgbékẹ̀kẹ́sí, owó táṣẹ́rẹ́ ni.

Bí o bá dé Osaka, ya Sakai, ìlú tó sún mọ́ ọn. Àwọn alágbẹ̀dẹ ló ni ìlú yẹn. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gbayì. Nígbà tí àwọn Potogí gbé ìbọn dé Jápáànì lọ́dún 1543, kò pẹ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ Sakai fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ìbọn. Nígbà tó yá tí kẹ̀kẹ́ dé, ọwọ́ tó mọ irin yìí náà ló wá ń rọ ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ ni Shozaburo Shimano dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1921. Bẹ̀rẹ̀ kí o wo gíà ara kẹ̀kẹ́ tí o bá yá, ó ṣeé ṣe kí o rí orúkọ Shimano níbẹ̀. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ wà ní Sakai. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ààfin lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí a jọ lọ ń yán lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó ku ti òfin. Apá ọ̀tún là ń gbà nílé ní Nàìjíríà láti ọdún 1972. Apá òsì ni tiwọn. Ọjọ́ kìíní kọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, nítorí ojú rẹ á là lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tí ara bá ti mọ́lé ni kí o ṣọ́ra, pàápàá nígbà tí o bá yà kúrò lójú ọ̀nà kékeré bọ́ sí ńlá. Láti oṣù kẹrin ọdún 2023 ni òfin ti ní kí gbogbo ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ sapá láti dé akoto. Kò sí owó ìtanràn fún ẹni tí kò bá dé e, ṣùgbọ́n dé e, tèmi nìyẹn. Èyí tí kò ní ẹ̀rín nínú ni ti ọtí àti fóònù: láti oṣù kọkànlá ọdún 2024, ẹni tó bá mutí gun kẹ̀kẹ́, tàbí tó ń tẹ fóònù lórí rẹ̀, lè fẹ̀wọ̀n gbára. Má gun kẹ̀kẹ́ lábẹ́ agbòòrùn. Má sì máa fi aago lé àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn kúrò lọ́nà, àwọn ló ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Rọra máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ni. Mú rìsíìtì kẹ̀kẹ́ rẹ dání, torí àwọn ọlọ́pàá a máa dá èèyàn dúró láti mọ̀ bóyá òun ló ni kẹ̀kẹ́ tó ń gùn.

Láti Osaka, wọ Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin ayára bí àṣá wọn, lọ sí Hiroshima. Wọn kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin ní ìhòòhò. Àpò kan wà fún un tí wọ́n ń pè ní rinko: tú táyà iwájú, tàbí méjèèjì, so wọ́n mọ́ ara férémù, kí o sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìjẹ́ kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tàbí ìjókòó yọ síta. Fi í kọ́ra nílé kí o tó lọ, torí ọkọ̀ wọn kì í dúró de ẹni tí ṣéènì há mọ́ lọ́wọ́. Ra tíkẹ́ẹ̀tì ìjókòó tó kẹ́yìn nínú kọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n ń tà pẹ̀lú àyè ẹrù ńlá, kí kẹ̀kẹ́ lè sùn sẹ́yìn rẹ jẹ́jẹ́.

Ní Hiroshima, má gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ tí o bá dé ibẹ̀. Lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti àlàáfíà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tó ti dípẹtà, férémù rẹ̀ ti wọ́. Shinichi Tetsutani ló ni ín, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Ó ń gùn ún níwájú ilé wọn láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1945 nígbà tí bọ́ǹbù átọ́míìkì já. Alẹ́ ọjọ́ náà ló kú. Bàbá rẹ̀ kò gbà kí wọ́n gbé irú ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀ lọ sí ibojì tó jìnnà, ẹ̀yìnkùlé ni ó sin ín sí, ó sì sin kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tì í. Ọdún 1985 ni ó tó hú wọn, tó sì fi kẹ̀kẹ́ náà ta ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà lọ́rẹ. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ wò ó fúnra rẹ.

Wàyí o, ibi tí mo ń bọ̀ láti ìṣáájú rèé. Láti Hiroshima, wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Onomichi, ìlú kékeré tó fẹ̀yìn ti òkè, tó kọjú sí òkun. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Shimanami Kaido ti bẹ̀rẹ̀: nǹkan bíi kìlómítà 70, láti erékùṣù sí erékùṣù, títí dé Imabari ní Shikoku. Lọ́dún 1999 ni wọ́n parí àwọn afárá tó so wọ́n pọ̀. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ló máa gbé ọ sọdá sí erékùṣù àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú bíi márùn-ún péré. Láti ibẹ̀, ilà búlúù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí wọ́n fi ń júwe ọ̀nà fún oníkẹ̀kẹ́. Tẹ̀ lé e, o kò nílò máàpù. Afárá wọn ga nítorí ọkọ̀ òkun tó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ọ̀nà ìgòkè rẹ̀ ní kọ́lọkọ̀lọ fún kẹ̀kẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni wàá máa gùn ún láìsọkalẹ̀. Ní afárá Innoshima, abẹ́ ibi tí mọ́tò ń gbà ni wọ́n fi oníkẹ̀kẹ́ sí: mọ́tò ń dún gbì gbì lókè orí, òkun ń dán lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí o bá dé afárá Tatara, tí òpó rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra ní mítà 890, tó sì gùn jù láyé nínú irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí i, dúró sábẹ́ òpó, kí o pàtẹ́wọ́. Gbọ́ bí ohùn náà ṣe máa gba ara òpó gòkè lọ, tí á máa wárìrì.

Àwọn géndé a máa fi ọjọ́ kan sáré kọjá gbogbo rẹ̀, wọn á sì ya fọ́tò ní Imabari. Má bá wọn du. Sùn sójú ọ̀nà. Erékùṣù Ikuchijima ni mo fẹ́ràn jù. Oko ọsàn wẹ́wẹ́ àti lẹ́mọ́ọ̀nù ló bo ẹ̀gbẹ́ òkè rẹ̀ títí dé etí òkun. Wàá rí tábìlì kékeré lẹ́bàá títì lábẹ́ páànù, ọsàn wà lórí rẹ̀ nínú ọ̀rá, agolo tí wọ́n dá ihò sí lórí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ 100 yen sára pátákó. Kò sí ẹni tó ń tà á. Sọ owó sínú agolo, gbé ọsàn rẹ. Bí àwọn àgbẹ̀ tiwa láyé àtijọ́ ṣe máa ń pàtẹ iṣu sí ẹ̀bá ọ̀nà oko náà nìyẹn, tí wọ́n á ka òkúta wẹ́wẹ́ tì í láti fi sọ iye rẹ̀, tí wọ́n á sì bá oko wọn lọ. Mú owó wẹ́wẹ́ dání o, agolo kì í fún èèyàn ní ṣéńjì.

Ní òpin ọ̀nà náà ni afárá Kurushima wà, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin, omi abẹ́ rẹ̀ ń lọ́ pọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ro ọkà. Sọdá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Tí o bá dé Shikoku, ìgbèríko gidi ti dé. Àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn máa ń yí erékùṣù yìí po láti bẹ tẹ́ńpìlì 88 wò, ní ojú ẹsẹ̀ Kukai, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà kan. Kìlómítà bíi 1,200 ni. Má dán gbogbo rẹ̀ wò. Mú díẹ̀ lára rẹ̀ ní àyíká Imabari àti Matsuyama. Àṣà ibẹ̀ ni kí wọ́n ta arìnrìn-àjò lọ́rẹ, ọsàn, tíì, nígbà mìíràn owó. Bí ìyá arúgbó kan bá na ọsàn sí ọ, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí o tẹrí ba. Má kọ̀ ọ́.

Wọn á wò ọ́ o. Ní abúlé tí àwọ̀ bíi tiwa kì í sábà dé, ọmọdé á dúró, àgbà á yọjú lójú fèrèsé. Kí wọn ṣáájú, "konnichiwa", wọn á dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ohun tó máa dùn ọ́ ni pé ọmọdé kò pọ̀ mọ́ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí ìlú ńlá, ilé òfo pọ̀ ní àwọn abúlé, koríko ti hù lórí òrùlé. Lọ́pọ̀ ibẹ̀, bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, ẹ̀rọ agbóhùnsókè abúlé á kọ orin fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa bọ̀ nílé, bí ọmọ tilẹ̀ ṣẹ́ kù tàbí kò ṣẹ́ kù.

Nítorí náà, má retí ṣọ́ọ̀bù lójú gbogbo ọ̀nà. Bí o bá rí ṣọ́ọ̀bù Lawson tàbí FamilyMart, ra ìrẹsì dídì bíi mẹ́ta sínú àpò. Apá ibi tó le nínú òkè ni àwọn ọ̀nà abẹ́ òkè, tí wọ́n gbẹ́ gba inú àpáta: wọ́n ṣókùnkùn, wọ́n há, mọ́tò akẹ́rù sì ń gbà á. Tan iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ kí o tó wọlé, kí o wọ aṣọ tó ń tàn. Bí ọ̀nà mìíràn bá wà, gba ọ̀nà mìíràn.

Ní alẹ́, ilé ìwẹ̀ omi gbígbóná ni kí o lọ fi ẹsẹ̀ rẹ sí. Mo mọ̀ pé ojú á tì ọ́, torí ìhòòhò ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n obìnrin wà lọ́tọ̀, ọkùnrin wà lọ́tọ̀. Jókòó lórí àpótí kékeré, fi ọṣẹ wẹ̀ tinútòde kí o tó wọ inú adágún. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ láìwẹ̀ ti ba orúkọ gbogbo àlejò jẹ́.

Tún ètò náà ṣe, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó san kọ́bọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni kí o lọ. Sá fún ìparí oṣù kẹrin sí ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún, torí ìsinmi ńlá wọn bọ́ sí i, hòtẹ́ẹ̀lì á kún, owó á fò sókè. Òjò ni ti oṣù kẹfà, ìjì líle sì ń bẹ láti oṣù kẹjọ dé ìkẹwàá. Béèrè gíga kẹ̀kẹ́ ṣáájú pẹ̀lú, torí ìwọ ga, kẹ̀kẹ́ yíyá wọn sì máa ń kéré.

Bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi. Sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí o lọ.

Èmi ni,
Bọ̀dá rẹ.