Kí Lo Fẹ́ Kí Iṣẹ́ Náà Ṣe?

Ẹni tó bá ti ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, rí nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà mọ lọ́ọ̀gì-búùkù. ITF, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1971, ló wà nídìí SIWES, ètò IT yìí, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1973, ìwé náà sì wà lára ètò ọ̀hún. Ojoojúmọ́ ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ ohun tó ṣe níbi iṣẹ́ sínú rẹ̀, kí ó ya àwòrán sójú ewé tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un, kí ọ̀gá sì máa fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Bó bá ku ọ̀la kí olùkọ́ dé, akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó ti ìwé ọlọ́pọ̀ oṣù, á fi bírò kan náà kọ ọ́ láti Mọ́ńdè àkọ́kọ́ dé Fúráídè tó kẹ́yìn. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn a máa pààrọ̀ bírò.

Mo ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dìsáìnì. "Mo ṣe káàdì ìgbéyàwó." "Mo ṣe lógò." "Mo kọ́ bí a ṣe ń lo CorelDRAW." Lọ́jọ́ kejì: "Mo tún kọ́ bí a ṣe ń lo CorelDRAW." N kò fi gbogbo ẹ̀bi lé orí ọ̀lẹ. Ìwé tó bá ń béèrè ohun tí o ṣe nìkan, irú èsì yẹn ló máa gbà. Kò bi ọmọ náà pé kí ló ní lọ́kàn kó tó bẹ̀rẹ̀, kò bi í pé níbo ni iṣẹ́ ti kọ̀ fún un. Ẹni tó kọ̀wé pé òun ṣe káàdì kò purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ nǹkan kan.

Gowon Estate nílùú Èkó ni mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ ní dìsáìnì, nínú yàrá kan tí onílé fi búlọ́ọ̀kù fà yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ẹ̀sítéètì yìí ní àwọn ọdún 1970, orúkọ Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tó ṣàkóso láti 1966 títí di oṣù keje 1975, ló sì ń jẹ́. Ilé gbígbé ni wọ́n yà á fún. Lónìí, ojú fèrèsé pálọ̀ ti di ojú ṣọ́ọ̀bù, ibi tó yẹ kí ọkọ̀ dúró sí ti di ilé onídìrí. Mo máa ń fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé olùgbé ti máàkì iṣẹ́ ayàwòrán-ilé nìyẹn, búlọ́ọ̀kù ló sì fi kọ máàkì rẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni mo ní. Kí ẹnikẹ́ni tó tan kọ̀ǹpútà, kó kọ gbólóhùn kan sínú ìwé: kí ni mo fẹ́ kí iṣẹ́ yìí ṣe, ta ni mo fẹ́ kó ṣe é fún, níbo ni onítọ̀hún máa wà nígbà tó bá rí i? Tí iṣẹ́ bá parí, gbólóhùn yẹn la máa ṣí, kò sí àríyànjiyàn. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn ni èèkàn tí a gún sẹ́nu ọ̀nà, òun la fi ń mọ ibi tó ti wọ́.

Ọmọkùnrin kan láàárín wọn gba iṣẹ́ báńnà ìyá aláàmàlà kan lẹ́bàá títì. Ohun tó kọ sílẹ̀ ni pé: "Mo fẹ́ kí ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó ń kọjá mọ̀ pé àmàlà wà níbí, kó sì rí nọ́ńbà ìyá yìí kà." Ó ṣe é, ó lọ tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú níbi tí àwọn onítẹ̀wé pọ̀ sí, wọ́n so ó kọ́. Inú ìyá náà dùn, ó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun, ó mà rẹwà o," ó sì san owó tó kù. Lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Mo ní kó mú ìwé rẹ̀, kó lọ jókòó sódìkejì títì, kó máa wo báńnà rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Orúkọ ilé oúnjẹ náà gba ìdajì báńnà, lẹ́tà oníkọ́lọkọ̀lọ tí wọ́n fi ń kọ káàdì ìgbéyàwó ló sì fi kọ ọ́. ÀMÀLÀ wà nísàlẹ̀, tín-ín-rín. Àwòrán oúnjẹ tó wà níbẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti mú un. Wọ́n da ọbẹ̀ sí àwo pẹrẹsẹ, wọ́n wá fi ewé kan lé e lórí tí kò sí oníbàárà ìyá yìí tó lè dárúkọ rẹ̀. Ti nọ́ńbà fóònù ló burú jù. Àwọn tó so báńnà ti lu ihò sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí okùn lè gba inú rẹ̀ kọjá mọ́ irin, ọ̀kan nínú àwọn ihò náà sì ti jẹ nọ́ńbà tó kẹ́yìn. Báńnà tó wà lójú kọ̀ǹpútà kì í ní ihò.

Ohun tó kọ wálé nìyí: "Kẹ̀kẹ́ kì í dúró. Mo rí orúkọ, mi ò rí àmàlà. Ṣé oókan ni àbí eéje? Mi ò bi ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe máa so ó." Mo ti ka àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ olójú ewé púpọ̀ tí kò mú ìmọ̀ wá tó bẹ́ẹ̀. Ká ní kò kọ nǹkan sílẹ̀ ṣáájú ni, ohun tí ì bá sọ fún mi ni pé àwọ̀ rẹ̀ bára mu. Àwọ̀ rẹ̀ sì bára mu lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kọ́ ló lóun fẹ́ ṣe.

Àwọn kan gbà pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni àṣà kí oníṣẹ́ máa yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò ti wá. Donald Schön, ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan lórí rẹ̀ lọ́dún 1983, mo sì fẹ́ràn ìwé náà. Ó ṣàlàyé akẹ́kọ̀ọ́ ayàwòrán-ilé kan tó fẹ́ gbé ilé ẹ̀kọ́ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ilẹ̀ ò gbà fún un, àti bí olùkọ́ rẹ̀ ṣe jókòó tì í, tó ń yà, tó ń sọ̀rọ̀, tó sì ń fi etí sí ohun tí àwòrán ń fọ̀ padà. Ọ̀rọ̀ rere ni. Àmọ́ kí Schön tó kọ ọ́, Fadá Kevin Carroll, tó wà nídìí ilé iṣẹ́ ọnà ìjọ Kátólíìkì tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lọ́dún 1947, ti ṣàkọsílẹ̀ bí àwọn agbẹ́gilére wa ṣe ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni George Bándélé, ọmọ Àrẹògún ará Òsì, ti ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni Làmídì Fákẹ́yẹ, tó gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ifẹ̀, ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé. Ìpele mẹ́rin ni Carroll kọ sílẹ̀: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Wọ́n á kọ́kọ́ lé e jáde kúrò lára igi, orí níbí, ara níbí, ẹsẹ̀ níbí. Wọ́n á tún un lé kí ojú àti apá tó yọ. Wọ́n á dán an. Ìgbà náà ni ọ̀bẹ tó mú á wá fín irun àti ilà ojú.

Ibi tí ìpele kan ti parí ni oníṣẹ́ ti lè dúró wò ó. Bí orí bá ti tóbi ju ara lọ nígbà tí wọ́n ń lé e, kò sí irun tí ọ̀bẹ lè fín tó máa tún un ṣe. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ a máa ti fínfín bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ò tíì jókòó síbi tó yẹ, wọ́n ti fi òjìji sí i lẹ́yìn, wọ́n ti fi wúrà yí i ká. Tí mo bá ní kí wọ́n yọ wúrà náà kí n lè rí egungun iṣẹ́, ojú wọn á fà ro.

Nígbà tí Robert Farris Thompson, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, ń rìn kiri ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1960, ó máa ń ní kí àwọn ará abúlé wo ère, kí wọ́n sọ èyí tó dára jù àti ìdí rẹ̀. Àlàyé ni wọ́n ṣe fún un: èyí gún, tọ̀hún ò gún, èyí dán, ojú èyí fara hàn, èyí jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò jọ ọ́ jù. Àròkọ tó kọ lórí rẹ̀ jáde lọ́dún 1973. Mo máa ń rántí àwọn ará abúlé náà nígbàkigbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá wo iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì ní, "Ó nice."

Ọ̀rọ̀ kan tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ní kíláàsì wa ni ti àsíá Nàìjíríà. Táíwò Akínkúnmi ń kàwé ní Norwood Technical College ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Oòrùn pupa kan tó ń yọ ìtànṣán wà láàárín funfun. Ìgbìmọ̀ mú iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1959, wọ́n yọ oòrùn, wọ́n sì ta àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1960. Ó kú ní 2023. Ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n ni pé, ká ní ìwọ lo ni iṣẹ́ yìí, tí ìgbìmọ̀ kankan ò sì sí, ṣé o ò ní fi oòrùn náà sílẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi "mo fẹ́ràn rẹ̀" dáhùn. Ọ̀kan ní tí afẹ́fẹ́ bá ká àsíá lórí òpó, oòrùn á dà bí àbàwọ́n. Òmíràn ní kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò lè ya àsíá wa, bí kò tilẹ̀ ní ju kréyọ̀nù kan lọ. Ọmọbìnrin kan takú pé oòrùn ló yẹ kó wà níbẹ̀, pé láìsí i, àsíá náà kò sọ ìtàn kankan. Èmi ò fara mọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ló bá mi fa ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, mo sì bọ̀wọ̀ fún un.

Ní ti kí akẹ́kọ̀ọ́ fún ara rẹ̀ ní máàkì, n kì í ṣe é mọ́. Àwọn ọlọ́yàyà á fún ara wọn ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, àwọn tí wọ́n tọ́ nílé pé ọmọlúàbí kì í fẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀ á kọ mẹ́rin, iṣẹ́ wọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìwà ọmọ ni máàkì yẹn ń wọ̀n. Àwọn kan tún wà tí wọ́n fi bíbú ara wọn ṣe ọgbọ́n: "Àǹtí, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé kò dáa rárá." Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, wọ́n fẹ́ kí n rẹ àwọn lẹ́kún. Mo wá ń béèrè pé: kí lo máa fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí lo máa yí, kí ló dé? Ẹni tí kò bá rí ohun tó máa fi sílẹ̀ kò tíì wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, bíi ti ẹni tí kò rí ohun tó máa yí.

Ọmọ oníbáńnà dáhùn tirẹ̀. Ó fi àwọ̀ sílẹ̀, ó yí ohun gbogbo yòókù. Nínú báńnà tuntun, ÀMÀLÀ ló gba òkè, nọ́ńbà wọlé kúrò létí, fọ́tò ọbẹ̀ ìyá náà fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ewédú àti gbẹ̀gìrì nínú abọ́ tánganran. Ó gbé e lọ bá a, ó lóun máa tẹ̀ ẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Ìyá náà wò ó títí, ó béèrè ohun tó ṣe orúkọ òun tó fi kéré, ó sì ní tàkọ́kọ́ ò tíì ya, kó jẹ́ kó gbó ná.