Bí A Bá Ka Oúnjẹ Tán, Ẹ Jẹ́ Kí A Wo Ohun Tí A Kà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí, kò sí ẹni tó ń gbé oúnjẹ lé òṣùwọ̀n kí ó tó bù ú sẹ́nu. Lóde òní, àwọn ọ̀dọ́ wa ti gbé òṣùwọ̀n wọ ilé ìdáná. Ẹ dé àwọn ibi ìdárayá tó wà ní Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wọn: macro. Èròjà mẹ́ta tó ń fún ara ní agbára ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: èròjà amúaradàgbà, èyí tó pọ̀ nínú ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà, èròjà afáralókun, èyí tó pọ̀ nínú iṣu, gàrí àti ìrẹsì, àti ọ̀rá. Wọ́n á ní kí èèyàn ka iye gíráàmù ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń jẹ lójúmọ́, kí ó má ṣe kọjá iye tí wọ́n kọ fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Àtọ̀gbẹ ló pa ìyá mi. Lọ́dún tó kọjá, dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ èmi náà wò, ó ní ṣúgà inú rẹ̀ ti ń gòkè, pé kò tíì di àìsàn, ṣùgbọ́n kí n tètè dín ìwọ̀n ara mi kù. Àbúrò mi kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní eré ìdárayá ní Ṣàgámù ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Ó kọ iye gíráàmù tí n óò máa jẹ sílẹ̀ fún mi. Mo bi í léèrè irú oúnjẹ tí n óò máa jẹ, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ ohun tó bá wù yín. Kí òǹkà ṣáà ti pé. Ara ò mọ ìyàtọ̀."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mo gbé yẹ̀ wò, gẹ́gẹ́ bí oníròyìn ti máa ń gbé ọ̀rọ̀ olóṣèlú yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òǹkà kì í ṣe irọ́. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Wilbur Atwater, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ti ṣe ìṣirò tí a ń lò títí dòní: gíráàmù kan èròjà amúaradàgbà tàbí afáralókun ń mú kálórì 4 wá, gíráàmù kan ọ̀rá sì ń mú 9 wá. Ní 2010, Mark Haub, olùkọ́ nípa oúnjẹ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kansas, fi kéèkì dídùn àti bisikíìtì ṣe oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kò sì jẹ́ kí kálórì rẹ̀ kọjá bí 1,800 lójúmọ́. Ó fọ̀n ní kílò bíi 12. Ìyá tèmi, ní tirẹ̀, kò mọ bisikíìtì. Ewùrà, ẹ̀fọ́ àti ẹja ló jẹ dàgbà, òun náà ló jẹ dọ́jọ́ ikú. Oúnjẹ gidi nìkan kò gbà á. Nítorí náà, n kò ní bá ẹnikẹ́ni fi òǹkà ṣẹ̀sín.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: Haub ń mu èròjà amúaradàgbà, ó ń lo oògùn fítámì, ó sì ń jẹ ẹ̀fọ́ díẹ̀ pẹ̀lú kéèkì rẹ̀. Òun tó ṣe àdánwò náà gan-an kò fi gbogbo ara rẹ̀ lé kéèkì lọ́wọ́.

Ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, olóòtú lè ní kí o kọ ẹgbẹ̀rin ọ̀rọ̀ wá. O lè kọ ẹgbẹ̀rin ọ̀rọ̀ tí kò ní ìròyìn kankan nínú. Òǹkà á pé, ojú ewé á kún, olùkàwé á sì jókòó síbẹ̀ láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí a mú pọ̀nmọ́. Bí ẹ bá kà á, èròjà amúaradàgbà ló kún inú rẹ̀. Àmọ́ èròjà yìí kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Àwọn ègé kéékèèké tí wọ́n ń pè ní amino acid ló para pọ̀ dà á, àwọn kan sì wà níbẹ̀ tí ara kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀. Awọ ẹran kò ní èyí tó ń jẹ́ tryptophan. Bírikìlà tó kó búlọ́ọ̀kù ẹgbẹ̀rún jọ láìní sìmẹ́ǹtì kò tíì lè kọ́lé. N kò ní kí ẹnikẹ́ni yọ pọ̀nmọ́ kúrò nínú ọbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ogún gíráàmù tirẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ogún gíráàmù ti ẹyin. Ní ìdà kejì, ẹ̀wà ní èyí tí àgbàdo kò ní tó, àgbàdo sì ní èyí tí kò pọ̀ nínú ẹ̀wà. Èyí ni àdàlú fi jẹ́ oúnjẹ ọlọ́gbọ́n, òun náà ló mú kí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín bára mu. Àwọn ìyá wa ti so wọ́n pọ̀ kí òṣùwọ̀n tó dé.

Ìdáhùn kejì wá láti Amẹ́ríkà. Ní 2019, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ìlera ìjọba ibẹ̀ gba ogún èèyàn sílé. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbé oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ ńlá ti pò, tó sì ti rọ̀ fún ẹnu, síwájú wọn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, oúnjẹ tí a fi ohun oko sè. Kálórì, ọ̀rá, ṣúgà àti fáíbà tó wà nínú oúnjẹ méjèèjì dọ́gba, wọ́n sì ní kí oníkálukú jẹ ìwọ̀n tó bá wù ú. Nígbà tí wọ́n ń jẹ ti ilé iṣẹ́, wọ́n fi nǹkan bíi kálórì 500 lé e lójúmọ́, wọ́n sì fi bíi kílò kan sanra. Lórí ohun oko, wọ́n fọ̀n ní ìwọ̀n kan náà. Èyí fi hàn pé irú oúnjẹ tí a yàn ló ń pinnu bóyá a ó lè pa òǹkà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi bisikíìtì pa òǹkà mọ́ yóò máa bá ebi jà láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọ̀rá náà ní ìtàn tirẹ̀. Gíráàmù kan ọ̀rá, kálórì 9, ibi yòówù kí ó ti wá. Kí ló wá dé tí àjọ NAFDAC fi ṣe òfin ní 2022 pé ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní trans kò gbọ́dọ̀ ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rá inú oúnjẹ lọ? Nítorí pé ó ń ba ọkàn jẹ́ ni. Òǹkà kò rí i, ṣùgbọ́n ọkàn rí i.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Áàpù orí fóònù àbúrò mi mọ bisikíìtì, nítorí iye gíráàmù rẹ̀ wà lára páálí. Kò mọ ìkọ́kọrẹ́. Oúnjẹ àwa ará Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú, ewùrà tí a rin, tí a fi epo pupa, ata, edé àti ẹja gbígbẹ sè, kò ní páálí tí a lè kọ nǹkan sí lára. Ta ni yóò sọ iye epo tí ìyá olóúnjẹ dà sí i? Nítorí náà ló ṣe yọ ọ́ kúrò nínú ìwé mi, tó fi bisikíìtì olóatì rọ́pò rẹ̀. Ẹ ò rí i bí òǹkà ṣe ń ti èèyàn kúrò nídìí ìkòkò lọ sídìí páálí? Ohun tó rọrùn láti kà la wá ń jẹ.

Mo dá ìkọ́kọrẹ́ padà sínú ìwé náà. Mò ń wọn ewùrà kí n tó rin ín, mo sì ń fi ṣíbí ńlá bu epo, torí ṣíbí kan tó nǹkan bíi kálórì 120. Ẹja ni mo ń fi kún un, kì í ṣe epo.

Ẹnìkan lè ní oúnjẹ gidi ti wọ́n. Òótọ́ ni, ìyà ọjà kò fi ẹnì kankan sílẹ̀. Ẹni tó ń wá owó gàrí alẹ́ kò yẹ lẹ́ni tí à ń wàásù fún. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó rówó ra ike èròjà ìyẹ̀fun tó ti òkè òkun wá, owó ike kan ṣoṣo yóò ra ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ṣáwá tí yóò bọ́ ilé fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó sì ń mu gàrí Ìjẹ̀bú, kí ó bu ẹ̀pà sí i, nítorí gàrí nìkan kò ní ju okun lọ.

Àbúrò mi ṣì ń jiyàn. Ó ní mo fẹ́ ba ọjà àwọn onípọ̀nmọ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ó bi mí lọ́jọ́ kan, "Bọ̀dá mi, ṣíbí epo mélòó lẹ ní ó wọ ìkòkò yẹn?" Ó ti kọ ìkọ́kọrẹ́ sínú áàpù náà fúnra rẹ̀.

Kí a ka oúnjẹ, ó dára. Òǹkà ló ń sọ bí ẹrù ṣe wúwo tó. Kò sọ ohun tó wà nínú ẹrù. Ara tó ń gbé e sì mọ ìyàtọ̀.