Ihò tó là lórí ilẹ̀ wa

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Sókótó, ọ̀pọ̀ ń béèrè ìdí tí a fi dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí ilẹ̀ tí a jọ rà lẹ́bàá Kalambaina. Òjò rọ̀ mọ́jú ni. Nígbà tí a débẹ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ti rì, ihò náà fẹ̀ débi tí màlúù lè há sí i.

Àwọn kan ní ká da pàǹtí dí i (àwa náà wà lára wọn, ẹ má rín wa). Bàbá Hausa tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló kọ̀ jálẹ̀: omi kànga wa ń bẹ lábẹ́ ibẹ̀.

Òótọ́ ló sọ. Òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ló wà nísàlẹ̀. Omi òjò máa ń gba kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì nínú afẹ́fẹ́ àti erùpẹ̀, á wá kan díẹ̀, á máa jẹ òkúta náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí yóò fi lu. Iyanrìn a máa sẹ́ omi. Ihò òkúta kì í sẹ́ nǹkan kan. Ohun tí a bá dà síbẹ̀, àfàìmọ̀ kó má bá wa nínú kànga.

A ti fi igi ẹlẹ́gùn-ún ṣọgbà yí i ká nítorí àwọn ọmọdé. Owó ilẹ̀ yẹn ń dùn wá o. Ẹni tó bá mọ onímọ̀ ilẹ̀, kó jọ̀ọ́ bá wa pè é, ká tó gbé búlọ́ọ̀kù kankan síbẹ̀.